Bí Fáìlì Àwọn Ọmọ Fámasì Ṣe Bọ́ Sáàárín Àwọn Àgbẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára, ẹ fara balẹ̀ kí n tó dáhùn, nítorí èmi tí ẹ ń bi yìí, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, títí mo fi fẹ̀yìn tì, ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ là sí i.

Rábíátù lorúkọ mi. Àlhájà Rábí ni wọ́n ń pè mí ní Basin, àdúgbò tí mò ń gbé ní Ìlọrin. Àwọn aládùúgbò mi a máa rò pé olùkọ́ ni mí ní yunifásítì, nítorí àràárọ̀ ni wọ́n ń rí mi tí mò ń gbé báàgì kọ́ apá, tí mò ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́gbà ilé-ìwé. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Fáìlì ni mo ń tọ́jú, ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn: mo parí girama, wọ́n ń wá akọ̀wé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́, mo ṣe ìdánwò, wọ́n gbà mí. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ká sì kọjá.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Adébísí. Ará Ìkìrun ni, Kìrìsìtẹ́nì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ìlọrin débi pé òun ló máa ń kọ́kọ́ kí wa kú Jímọ̀. Òun ni olórí yàrá fáìlì. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fáìlì kankan. Ó ní kí n ṣáà máa rìn láàárín kábíńẹ́ẹ̀tì, kí n máa ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn, kí n sì mọ ilé olúkúlùkù. Mo rò pé orí bàbá náà ti dàrú.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Rábí, ìwọ rò pé ìwé ló wà níbí. Ènìyàn ni. Tí o bá gbé fáìlì síbi tí kò yẹ, o ti sọ ọmọ ọlọ́mọ nù nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

"N kò tíì parí ọ̀rọ̀. Tẹ́nì kan bá wá béèrè ìwé, tí o kò rí i, má ṣe sọ pé kò sí. Sọ pé o kò tíì rí i. Kò sí, àti mi ò tíì rí i, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà."

Mo tún ní ẹ ṣeun sà. Ẹ̀kọ́ tí èèyàn fi ẹnu gbà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tó wọ ara, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

Ní oṣù kẹta mi níbẹ̀, mo fi lẹ́tà àwọn elérè ìdárayá sínú fáìlì ẹlòmíràn. Bàbá rí i. Kò bínú, kò pariwo. Ó fa dúrọ́ọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kábíńẹ́ẹ̀tì kan jáde, ó dojú wọn dé sílẹ̀, ìwé sì kún gbogbo yàrá. Ó ní, "Tò ó." Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Nígbà tó gbọ́ ìpè àdúrà, ó ní, "Lọ kírun, kí o padà wá tò ó." Mo sunkún dé mọ́ṣáláṣí, mo sunkún bọ̀. Nígbà tí mo wọlé, mo bá bàbá àgbàlagbà náà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, ó ti tò ó dé ìdajì. Kò wò mí. Kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn náà ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Taipuráítà ni mo bá níbẹ̀, èyí tó wúwo bí ọlọ, tí èèyàn bá ṣàṣìṣe lórí rẹ̀, kí ó fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, kó fẹ́ ẹ títí yóò fi gbẹ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun, oṣù mélòó kan kọjá kí ẹnikẹ́ni tó gbójú tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá tuntun kan wá sọ fún mi pé, "Àlhájà, ẹ fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sí mi," mo gbé fáìlì náà mọ́ àyà, mo gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò mí, ó wo fáìlì. Orí kọ̀ǹpútà ló ní kí n ti fi ránṣẹ́. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi kò dénú.

Bàbá Adébísí ti lọ nígbà náà. Èmi ni mo wá ń tọ́jú fáìlì gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: ẹgbẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn, ẹgbẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Kí ilé-ìwé tó mọ ẹgbẹ́ kan, ọ̀dọ̀ mi ni ìwé rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí.

Báyìí ni àwọn ọmọ fámasì ṣe dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìpoògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ìwé wa ni. Ọmọbìnrin kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí mi. Hawau lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin gidi, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára èèyàn tó bá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ Tósìn, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke ló ń gbé, òun ni akọ̀wé wọn. Wọ́n ní àwọn ti dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fámasì sílẹ̀, àwọn fẹ́ kí ilé-ìwé mọ àwọn.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ẹgbẹ́ ṣe? Ìwé yín kò tó yín kà ni?"

Hawau ní, "Mọ̀mí, ìyá ìyá mi wà ní Òkè-Oyì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Oògùn rẹ̀ tán, ni aládùúgbò rẹ̀ bá fún un ní tirẹ̀. Oògùn tó wà fún àrùn mìíràn ni. Ó lò ó ọjọ́ mẹ́ta, ó ṣubú lójú ọ̀nà oko, kò dìde mọ́. A fẹ́ máa lọ sí àwọn abúlé, ká máa bá wọn wo ẹ̀jẹ̀ wọn, ká máa sọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn tó máa gbà wá láyè bí a kò bá ní ìwé ilé-ìwé lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo fún wọn ní fọ́ọ̀mù. Ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ìdàrúdàpọ̀.

Òfin wa sọ pé kí ẹgbẹ́ mú ìwé olùdámọ̀ràn wá, ìyẹn olùkọ́ kan tí yóò dúró fún wọn. Wọ́n lọ bá olùkọ́. Olùkọ́ ní òun kò lè dúró fún ẹgbẹ́ tí ilé-ìwé kò mọ̀. Wọ́n padà wá bá wa. A ní ilé-ìwé kò lè mọ ẹgbẹ́ tí kò ní olùdámọ̀ràn. Wọ́n tún padà lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, Tósìn dúró níwájú tábìlì mi, ó gbé àpótí ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ń ṣáájú nínú méjèèjì?"

Mo mú ìwé òfin, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé méjèèjì ń ṣáájú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ ẹni tó jẹ́ ọmọdé, n kò mọ ibi tí pẹpẹ wà.

Nígbà tó ṣe, olùkọ́ kan ṣàánú wọn, ó kọ̀wé pé òun yóò dúró fún wọn bí a bá mọ̀ wọ́n. Wọ́n kó gbogbo ìwé wọn wá: òfin ẹgbẹ́, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, ìwé olùkọ́ náà. Mo gbà á, mo lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwọn, mo fọwọ́ sí i, mo gbé fáìlì wọn lọ sí tábìlì dáírẹ́kítọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì wa nígbà náà. Kò pẹ́, dáírẹ́kítọ̀ náà fẹ̀yìn tì. Òmíràn dé. Fáìlì padà sí yàrá mi láàárín ìdì fáìlì tó ga dé ìbàdí, n kò sì ráyè ṣí ìkankan wò.

Àárín ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ní gbogbo fáìlì gbọ́dọ̀ wọ orí pọ́tà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ilé-ìwé tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ kan wá láti ìta kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn mú fáìlì dání, ó ka orúkọ Hawau tó wà lára rẹ̀, ó bi mí láti òdìkejì yàrá pé ẹ̀ka wo ni èyí. Fóònù wà ní etí mi. Mo ní, "Fámasì."

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Fámasì kò sí nínú orúkọ tí wọ́n tò síbẹ̀, nítorí ẹ̀ka náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó ní, "Mà, ṣé àwọn tó ń ṣe fáàmù?"

Mo juwọ́ sí i. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Gbólóhùn mẹ́ta péré. Ó tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó lẹ àmì rẹ̀ mọ́ fáìlì, ó sì gbé fáìlì lọ sí kábíńẹ́ẹ̀tì àwọn àgbẹ̀. N kò gbé orí sókè.

Ó lé ní ọdún kan tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń wá béèrè. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí wọ́n ní sùúrù. Mo gbàgbọ́ pé òótọ́ ni mò ń sọ, pé wọ́n ti gbé e padà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú wọn, wọ́n lọ sí Òkè-Oyì láìsí ìwé. Wọ́n ta aṣọ gbẹ̀ǹgbẹ̀ sójú ọ̀nà, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ àti orúkọ ilé-ìwé sára rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan ya àwòrán wọn, àwòrán náà sì rìn lórí fóònù títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá.

Dáírẹ́kítọ̀ tuntun pè mí. "Àlhájà, ṣé a mọ ẹgbẹ́ yìí?"

Mo mọ ojú wọn. Mo mọ ohùn wọn. Mo mọ̀ pé Tósìn máa ń gbàgbé bírò rẹ̀ sórí tábìlì mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ fámasì sórí pọ́tà láti wá wọn, kò gbé nǹkan kan jáde. Mo tún un tẹ̀. Kò sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń mú ìwé wá, bóyá èmi ni mo ń da ẹgbẹ́ pọ̀. Ẹ̀rọ kò kúkú ń parọ́, ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn. Mo jókòó, mo kọ ọ́ pé: kò sí ẹgbẹ́ yìí nínú àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì wa. Mo fọwọ́ sí i.

Lórí ìwé tí mo kọ yẹn, wọ́n pe ọmọ mẹ́fà síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, pé wọ́n fi orúkọ ilé-ìwé ṣe ohun tí ilé-ìwé kò mọ̀ sí. Hawau ti wà ní ọdún ìkẹyìn. Tí wọ́n bá dá a jókòó sílé ọdún kan, àwọn tí wọ́n jọ wọlé á jáde, òun á sì kù sẹ́yìn.

Ó wá bá mi lọ́jọ́ kejì. Kò kúnlẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ̀yin náà?"

Ó tẹ́ ìwé kan síwájú mi. Ẹ̀dà tiwọn ni. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì wa wà níbẹ̀. Ìfọwọ́sí mi wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìrù gígùn tí mo máa ń fà sí ìdí rẹ̀.

Mo ní, "Ọwọ́ mi nìyí."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọwọ́ yín ló wà nínú ìwé kejì náà."

Ó yí padà, ó lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo tún ìfọwọ́sí náà wò. Kò sí, àti mi ò tíì rí i. Ọ̀rọ̀ tí bàbá kan sọ fún mi nígbà tí n kò tíì bímọ, mo gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí n rántí.

Ọjọ́ méjì ni mo fi tú yàrá náà. Mo bọ́ bàtà, mo di gèlè mọ́ ìdí, mo ń fa dúrọ́ọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ẹja àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ni mo ti rí i. Mo ṣí i. Lójú ewé tó kẹ́yìn, dáírẹ́kítọ̀ tó ti lọ ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé: "Mo fara mọ́ ọn. Kí wọ́n wá rí mi." Kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ rí i.

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lórí itan. Ṣé ilé-ìwé ti mọ̀ wọ́n nìyẹn, àbí kò tíì mọ̀ wọ́n? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìrun asùbáà lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ ṣe àdúrà, ó dúró.

"Rábí, oṣù mélòó ló kù tí o máa fẹ̀yìn tì?"

"Oṣù méje."

"Tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ yìí di owó ìfẹ̀yìntì rẹ mú ńkọ́?"

"N kò mọ̀."

"Tí o kò bá lọ ńkọ́?"

"Ìyẹn náà, n kò mọ̀."

Ó ní, "Wọ aṣọ tó dáa."

Ìgbìmọ̀ náà jókòó yí tábìlì gígùn kan ká. Àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ẹni tó ń retí abẹ́rẹ́. Mo gbé fáìlì lé tábìlì, mo sọ bó ṣe rìn, láti orí fóònù tó wà ní etí mi títí dé kábíńẹ́ẹ̀tì àwọn àgbẹ̀.

Dáírẹ́kítọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àlhájà, n kò mọ ibi tí mo wà mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé a kò mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ gbé fáìlì wọn wá. Èwo ni ká gbà?"

Mo ní, "Fáìlì ni kí ẹ gbà, sà. Èmi ni mo ṣìnà. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ẹ má gé ti àwọn ọmọ."

Ni ìjà bá bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn fúnra wọn. Ẹnì kan ní níwọ̀n ìgbà tí dáírẹ́kítọ̀ àná ti fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹlòmíràn ní "Kí wọ́n wá rí mi" ni gbólóhùn tó ṣe pàtàkì, pé níwọ̀n ìgbà tí wọn kò rí i, kò tíì fara mọ́ nǹkan kan. Wọ́n pe ọkùnrin náà lórí fóònù ní ìlú rẹ̀. A gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere: "Ẹgbẹ́ wo?" Wọ́n ṣàlàyé. Ó ní, "Áà, bóyá mo kọ ọ́. Ẹ wo ọwọ́ mi wò." Wọ́n wò ó. Ọ̀kan ní ó jọ ọ́, ọ̀kan ní kò jọ ọ́.

Ní ìparí, wọ́n tú àwọn ọmọ sílẹ̀. Èmi, wọ́n kọ ìwé fún mi pé kí n ṣàlàyé ara mi, mo ṣàlàyé, wọ́n kọ òmíràn pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fi ọwọ́ ara mi fi í sínú fáìlì mi. Lóṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ìwé ìdánimọ̀ ẹgbẹ́ náà jáde, Tósìn fò sókè títí ìlẹ̀kùn fi gbá. Ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí ìwé náà, ọjọ́ tí dáírẹ́kítọ̀ àná kọ tirẹ̀ àti ọjọ́ tí ti òní kọ tirẹ̀. Mo bi agbẹjọ́rò ilé-ìwé léèrè èwo ni ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ náà. Ó ní méjèèjì. Títí di òní, n kò tíì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Torí náà, tí ẹ bá ní kí n sọ iṣẹ́ tó dára fún yín, n kò lè parọ́. Mo mọ àwọn tó fi iṣẹ́ yìí lówó, mo mọ àwọn tó fi gba oyè. Èmi, mo fi mọ̀ pé èèyàn lè wà nídìí nǹkan fún ọdún púpọ̀, kó sì máa rò pé òye rẹ̀ ti yé òun, lọ́jọ́ kan kó juwọ́ sí ẹnì kan láti òdìkejì yàrá. Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ẹ ṣáà máa gbé orí sókè tí wọ́n bá ń bi yín ní nǹkan.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, Hawau pè mí. Wọ́n ń padà lọ sí Òkè-Oyì, wọ́n ti ní ìwé lọ́wọ́, ó sì fẹ́ kí n bá wọn lọ. Mo ní kí ni àgbàlagbà bí èmi fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó ní kí n ṣáà wá jókòó.

Fàráńdà ilé ìwòsàn kékeré kan ni wọ́n tò sí. Àwọn àgbẹ̀ sọ ọ̀kadà wọn kalẹ̀, wọ́n to ìlà. Àwọn obìnrin tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì fi ọjà sílẹ̀ wá. Mo ń wò wọ́n, inú mi dùn, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Nígbà tí èrò dínkù, Hawau ní, "Mọ̀mí, ó kan yín."

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Kò sí ohun tó ń ṣe mí."

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀."

Ó di aṣọ ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá. Ó fún mi, ó tú. Nọ́ńbà jáde. Hawau wo Tósìn. Tósìn lọ mú ẹ̀rọ mìíràn wá. Wọ́n ní kí n sinmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

"Ṣé ó burú ni?"

"Ẹ má sọ̀rọ̀, mà. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, á tún ga sí i."

Wọ́n tún un wọ̀n. Hawau kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú. "Mọ̀mí, ìgbà wo lẹ ti wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn?"

N kò wọ̀n ọ́n rí. Àràárọ̀ ni mo ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn ilé-ìwé, n kò yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí dókítà, ó ní òní ni màá lọ, kì í ṣe ọ̀la. Tósìn lọ dá bọ́ọ̀sì kékeré kan dúró, ó sì bá mi wọ̀ ọ́. Gbogbo ọ̀nà bọ̀ wá sí Ìlọrin ni mo fi mú lẹ́tà náà dání. Gbogbo ìwé tí mo ti gbé kiri láyé mi, ti ọmọ ọlọ́mọ ni. Mo ṣí èyí wò, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀.